Kóòdù Tí Wọ́n Lẹ̀ Lé Òmíràn Lórí

Obìnrin aránṣọ kan mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Òjìji lásán ni ìyá náà ń rí. Dókítà ti ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọlé.

"Màámi, ẹ jókòó síbí. Ẹ má dìde o, mo ń lọ sanwó."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà ni?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí ń ba òun gan-an ju ìyá rẹ̀ lọ.

Lójú fèrèsé ìsanwó, kóòdù QR kan wà lára gíláàsì, àmì onígun mẹ́rin dúdú-òun-funfun tí èèyàn ń fi kámẹ́rà fóònù yà láti sanwó. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, etí ti òkè sì ká sókè díẹ̀. Aránṣọ kò lè rí etí tó ká sókè kó gbójú kúrò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi lẹ̀ dáadáa, ó wá na fóònù sí i.

Ojú ewé kan ṣí, àwọ̀ bánkì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó tẹ nọ́ńbà tí bánkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ó tẹ ìyẹn náà, torí ó ń kánjú kí wọ́n má baà pe ẹlòmíràn wọlé ṣáájú ìyá rẹ̀.

Rìsíìtì kò dé. Fóònù dún, ó tún dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ bánkì ni, owó rẹ̀ ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó pe àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ojú ewé yẹn ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Haa. Olè ni wọ́n. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Ẹ má dúró gbọ́ àlàyé mi."

Ó pè wọ́n. Ohùn ẹ̀rọ ní kó dúró. Orin ń dún, fóònù sì ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó mọ ohun tí gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń kó lọ. Kí wọ́n tó ti àkáǹtì náà, owó iṣẹ́ abẹ ti lọ.

Àbúrò rẹ̀ pè padà. "Bánkì á gbìyànjú láti lé owó náà bá, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Ṣé wọn ò lẹ bébà yẹn lé òmíràn ni?"

"Mo rí i. Mo ṣebí àbùlẹ̀ ni. Èmi gan-an ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Nígbà tó padà sídìí bẹ́ǹṣì, ìyá rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà.

"Ṣé ó ti kàn wá?"

"Kò tíì kàn wá, Màámi." Ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹkún kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ìyá náà fọwọ́ wá orí ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé e. "Ta ló wà lójú fèrèsé yẹn báyìí?"

Aránṣọ yíjú padà. Bàbá kan tó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú ti na fóònù sí kóòdù náà.

"Lọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó sáré débẹ̀, ó fi ọwọ́ bo gíláàsì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ nǹkan kan."

Olè tó kó owó yìí kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò yọ ọ̀bẹ. Bébà lásán ló lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó na fóònù sí kóòdù níbikíbi, ẹ wò ó bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ lé òmíràn. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá tiwọn ni, kí ẹ sì ka orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá. Bí ojú ewé tó ṣí bá béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì tàbí èyí tí bánkì fi ránṣẹ́, ẹ pa á dé, kódà bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ yín nínú yàrá dókítà. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pe bánkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Bàbá yẹn rí owó rẹ̀ san, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ ìyàwó rẹ̀. Ìyá aránṣọ ṣì ń dúró de tirẹ̀.