Èédú Tí Lábákẹ́ Kó Sínú Áyọ́ọ̀nù

Ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún ló yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Lábákẹ́ aránṣọ ní Trans-Nkisi nílẹ̀ Igbo, ó mú ṣòkòtò tó ya lọ́wọ́, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Lábákẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ràn.

"Madam, abeg, you fit sew this one?"

"Ẹ sọ Yorùbá, bọ̀dá. Pidgin yín ń ta sánsán Ìbàdàn."

Adédayọ̀ lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ inú ilẹ̀ wò lọ́nà ìlú Oba. Ó gbé báàgì kan kalẹ̀ kó tó lọ wẹsẹ̀, kó sì wá nǹkan jẹ.

"Kí ló wúwo tó báyìí?"

"Èédú ni. Ẹ bá mi mójú tó o."

Iná ò sí, èédú Lábákẹ́ sì ti tán. Ó ní òun á dá a padà lọ́la, ló bá kó díẹ̀ sínú áyọ́ọ̀nù kó lè fi lọ ṣòkòtò náà. Èéfín gba ṣọ́ọ̀bù kan. Adédayọ̀ sáré wọlé.

"Háà! Èédú inú ilẹ̀ lèyí! Ewé wà lára rẹ̀!"

Ó mú èyí tó kù hàn án. Lábákẹ́ rí iṣan ewé kedere, ewé tó jábọ́ sínú àbàtà kí ẹnikẹ́ni tó dáyé. Adédayọ̀ ní igbó kìjikìji ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà, òjò kì í fẹ́ẹ̀ dá, irú ewé yìí ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò. Omijé bọ́ lójú Lábákẹ́ nítorí èyí tó ti jóná.

"Ẹ má sunkún. Èmi ni mo pè é ní èédú lásán. Ewé ṣì pọ̀ nínú ihò. Irú yín ni mi ò tíì rí níbẹ̀."

Bí ṣòkòtò Adédayọ̀ ṣe ń ya lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, bàbá Lábákẹ́, Bàbá Ọláòtán tó ń ta ata lọ́jà Ose Okwodu, kọ̀ jálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Lábákẹ́ nìkan ló kù ún kù.

"Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri? Á gbé ẹ lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Lábákẹ́ ò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀, kò sì lè gbàgbé Adédayọ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù sì dé: ìjọba gbé Adédayọ̀ ga, wọ́n ní kó máa bọ̀ l'Ábújá. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá. Lábákẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, mo ti kọ ìgbéga náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbí. Ibí ni Lábákẹ́ wà, ibí lẹ̀yin náà wà."

Igbo tó fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu Bàbá.

"Bilie, nwa m. Dìde, ọmọ mi. Ta ló kọ Àbújá nítorí tèmi rí?" Ó gbóhùn sókè. "Lábákẹ́! Jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn, kó o gbé omi wá fún ọkọ rẹ."

Lábákẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀, ó ń sọ pé "Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ ṣé," títí bàbá fi rán an létí pé òùngbẹ ń gbẹ ọkọ.