Òfin Ìsinmi ní Òkè-Yìnyín

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ Afìlúwélùú kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gbogbo Òkè-Yìnyín ló péjọ síwájú rẹ̀. Ìlú àwọn awayìnyín, àwọn tó ń wa yìnyín nínú kòtò, ni ìlú yìí, lórí ayé pupa tí àwọn baba ńlá wọn wọkọ̀ òfuurufú wá tẹ̀dó sí. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí Ìbíyẹmí, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ, fi kọ́ ọpọlọ irin náà, kó lè fi òfin ìfẹ̀yìntì àwọn orílẹ̀-èdè wéra, kó sì mú èyí tó dára jù.

Ẹ̀rọ náà ní, "Níbì kan, ọ̀dọ́ ló ń bọ́ àgbà; nígbà tí ọmọ bíbí dín kù, ebi pa àgbà. Níbòmíràn, kálukú ló ń tọ́jú tara rẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan tọ́jú ń ṣagbe. Àwọn kan sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì síwájú bí ẹ̀mí wọn ṣe ń gùn sí i. Tiwọn ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ sún tiyín síwájú."

Láoṣebìkan, bàbá Ìbíyẹmí, dìde. Eruku inú kòtò ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ọdún tó ń bọ̀ ló sì yẹ kó sinmi.

"Ìbíyẹmí, àwọn tẹ́ ẹ fi wá wé yìí, ṣé inú kòtò làwọn náà ti ń ṣiṣẹ́?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ti ro gbogbo ẹ̀."

"Mi ò bi ẹ̀rọ. Ìwọ ni mò ń bi."

Ìgbìmọ̀ ìlú nawọ́ sókè, ọ̀rọ̀ di òfin.

Láoṣebìkan padà sínú kòtò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó kó lè mí dáadáa, kò sì dìde mọ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé pàdé ọmọ rẹ̀ lẹ́nu kòtò. Ìbíyẹmí ń nu eruku kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀ títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó sáré tọ Olóyè Adégoróyè, olórí ìgbìmọ̀, lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yí òfin yìí padà. Awayìnyín kankan ò tíì dàgbà dé ọjọ́ ìsinmi náà."

"Mo mọ̀," ni Olóyè wí jẹ́jẹ́. "Ìdí tí àpò owó ìfẹ̀yìntì fi kún nìyẹn. Bá a bá yí i padà, kí la ó fi bọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì?"

Ìbíyẹmí lọ pa Afìlúwélùú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kú, òfin ò kú.

Kò pẹ́ tí ìlú mìíràn fi rán ikọ̀ wá kọ́ òfin náà. Ìbíyẹmí lọ pàdé wọn ní ibùdókọ̀ òfuurufú.

"Ẹ má mú un lọ. Àwọn àgbà wa ń kú kí wọ́n tó sinmi."

Olórí ikọ̀ náà tẹrí ba, kò lè wò ó lójú.

"A ti gbọ́, ìyá. Ohun tó gbé wa wá nìyẹn."