Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Kò Kọ

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyà ń dùn mí," ni ìyá àgbà wí. "Má fi dá a níjì o. Ṣáà sọ fún un pé mo fẹ́ fojú kàn án."

Àtàǹpàkò Akọ̀wé ń sáré lórí fóònù. Ẹni tó bá ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà yóò ní ọmọ gidi nìyí, ẹ wò ó bó ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ gbuu ni! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ló ń dá lóhùn lórí Wasáàpù, ó sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra kí màmá má baà gbọ́.

"Mo ti kọ ọ́, Màmá," ni ó wí.

"O ṣeun, Akọ̀wé mi."

Ìyá àgbà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìyá tó bí ọmọ náà lọ́mọ ti kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja ńlá kan, irú èyí tó ń pẹ́ lójú agbami fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù láì kan ilẹ̀. Kò sí fóònù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló wà nínú yàrá ọ̀gá ọkọ̀, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba ímeèlì tí wọ́n sì fi ń dá èsì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Bí Akọ̀wé bá kà, ìyá gbọ́. Bí Akọ̀wé bá kọ, bàbá rẹ̀ gbọ́. Òun ni afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Níbẹ̀rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ kan ló yọjú wo fóònù rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló tún ń lo ímeèlì láyé ìsinsìnyí, ṣebí àwọn bàbá ọ́fíìsì tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì ló ni ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo kíláàsì ti ń pe Akọ̀wé ní Ìyá Ímeèlì. Ojú tì í. Fóònù rẹ̀ sì ti kún fọ́fọ́ nígbà náà, kò gba fídíò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ mọ́. Ló bá yọ ímeèlì kúrò lórí rẹ̀. Ó ní bí ìdánwò bá parí, òun á dá a padà. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, tí ìyá àgbà béèrè ohun tí ọmọ òun wí, irọ́ àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu Akọ̀wé geere. Ó ní bàbá ní kí òun kí wọn, ara àwọn le, ẹja sì ń wọlé dáadáa. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ òun mà ń ṣe ọkùnrin. Ọmọ náà rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ló burú nínú irọ́ tó ń múnú àgbà dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀fẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́, tó sì ń hun èsì fúnra rẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ àyà dídùn yìí wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ń bọ̀. Akọ̀wé ní bàbá ní àwọn ń bọ̀ láìpẹ́.

Háà, inú màmá dùn! Ó gbé fóòmù ibùsùn ọmọ rẹ̀ síta sá sóòrùn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ti dún lójúde, á yí ojú sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àìsàn náà le, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ló tún kọjú sí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó ti dé?" ló béèrè.

"Wọ́n wà lọ́nà, Màmá."

Ó fi orí dáhùn. Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́ títí tó fi dákẹ́.

Ta ni yóò wá sọ fún ọmọ olóògbé? Akọ̀wé náà ni. Ó dá ímeèlì padà sórí fóònù, àwọn ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tí kò kà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ṣí ọ̀kan.

"Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀ nípa Màmá. Ọkọ̀ tó ń kó ẹja wa lọ sí ilẹ̀ ń bọ̀ lópin oṣù. Òun nìkan ló lè gbé mi wálé, ọ̀gá sì ní kí n tètè fèsì bí mo bá fẹ́ bá a lọ. Bí ara Màmá ò bá yá, kọ̀wé sí mi kíákíá. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá mọ̀ pé àlàáfíà ni."

Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.

"N kò gbọ́ nǹkan kan, mo dúpẹ́ pé àlàáfíà ni. Ọkọ̀ ti lọ. Bá mi kí Màmá."

Akọ̀wé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó fi ìròyìn ikú náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sin ìyá àgbà kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé bàbá dé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àtorí yíyọ tó yọ ímeèlì dórí èsì tó ń hun. Ó ti múra sílẹ̀ de igbájú. Bàbá kò nà án, kò bú u. Ìbá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kó nà án. Ńṣe ló jókòó sórí ibùsùn tí ìyá rẹ̀ sá sóòrùn dè é, tó ń wo ilẹ̀.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn," ló wí, "Màmá ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń sọ?"

Akọ̀wé la ẹnu. Irọ́ dídùn kan ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, pé wọ́n ń súre fún yín, Bàbá. Ó mọ̀ pé yóò tu bàbá nínú. Ó gbé e mì.

"Mi ò gbọ́, Bàbá. Yàtọ̀ sí ti àyà tó ń dùn wọ́n àti pé wọ́n fẹ́ rí yín, tí mo ti sọ fún yín, mi ò gbọ́ èyí tó kù."

"Gbìyànjú, ọmọ mi. Kódà kó jẹ́ gbólóhùn kan."

Ó gbìyànjú. Gbogbo àwàdà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ní àwọn ọ̀sẹ̀ náà ló ń rọ́ wọlé, ó rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rántí ẹni tó ṣe é àti ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ tó kù tí ìyá àgbà rán an, kò rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá rí i lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìròyìn tó ń yára dé kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó fẹ́ràn yín lè wà níbi tí ọ̀nà ti jìn, kó jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹ ń fi ṣẹ̀sín nìkan ló lè gbà bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn náà. Bí wọ́n bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an, torí ẹni tó bá ti lọ kò ní padà wá tún un sọ.