Irúgbìn-Etí

Ní ayé ìgbà tí Yorùbá ti ń bímọ lórí òṣùpá, wọ́n mú Ládéjọbí olórin fún ẹ̀sùn olè orin, ọ̀rọ̀ náà sì rú gbogbo ènìyàn lójú. Obìnrin tó pè é lẹ́jọ́ ń gbé nínú ọkọ̀ òfurufú kan tó ti fi òṣùpá sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Ládéjọbí. Kò sí èyí tó gbọ́ orin èkejì kó tó kọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin méjèèjì yàtọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kùn wọ́n láìpe ọ̀rọ̀, ọ̀kan náà ni.

Àwọn adájọ́ ránṣẹ́ sí Ọ̀mọ̀wé Fadérera pé kó gbé afohùnwéra rẹ̀ wá, ẹ̀rọ tó ń fi orin kan wé òmíràn. Ìyá àgbà náà fi orin méjèèjì sí i. Ó tún fi igba orin mìíràn sí i, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú méje tí kò mọra wọn kọ. Ọ̀nà kan ni gbogbo wọn gbà: ohùn gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó sì já wálẹ̀.

Fadérera dá ohùn náà mọ̀. Òun ló ṣe ohùn náà.

Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lórí òṣùpá kì í rí oorun sùn. Mẹ́tàlélógún ti kú kí Fadérera tó ṣe irúgbìn-etí, ẹ̀rọ tí kò tó hóró yánmọtí, tí wọ́n ń fi sétí ìkókó, tí yóò máa kùn títí oorun yóò fi gbé e lọ. Kò pẹ́ tó fi di òfin níbi gbogbo, títí kan inú àwọn ọkọ̀ òfurufú.

Olóyè Ògúnmọ́dẹdé nìkan ló ta kò ó nígbà náà.

“Fadérera, ọmọ tó gbọ́ orin ẹ̀rọ kó tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, orin ta ni yóò máa kọ?”

“Bàbá, òkú ọmọ kì í kọrin.”

Bàbá náà gbà fún un, nítorí ó ti sin ọmọ-ọmọ tirẹ̀ kan.

Fadérera lọ bá Ládéjọbí látìmọ́lé, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbìyànjú láti dá orin mìíràn lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà bọ́ sójú ọ̀nà kan náà.

“Ẹ bá mi yọ ọ́, mà.”

“Ó ti wọnú eegun. N kò mọ ohun tí yóò bá a jáde.”

“Ẹ ṣáà yọ ọ́.”

Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yọ ọ́. Nígbà tí Ládéjọbí jí, ó ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ohùn ni èdè wa dúró lé. Fadérera pe ọkọ, ó pe ọkọ́, ó pe ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ládéjọbí gbọ́.

Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ pé kò jalè. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó ti ń dúró kí wọ́n yọ tiwọn padà sílé pẹ̀lú irúgbìn wọn, Fadérera sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti yàrá iṣẹ́ abẹ pa. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìbíwùmí, ìyàwó Ládéjọbí, sọ fún ọkọ rẹ̀ pé oyún ti dúró. Ládéjọbí ń wo ẹnu rẹ̀ bí àlejò tí kò gbédè. Ó na bébà sí i, ó ní kó kọ ọ́ fún òun.