Ta Ló Hú Ẹ́ẹ̀tì Ilé Ìfọṣọ?

Kọ́pùrù tó gba ìpè ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ohun tó kọ sínú ìwé ni: "Won ti ji baba ile ifoso." Ni Ìsípẹ́kítọ̀ bá kó ọlọ́pàá mẹ́rin sọ́kọ̀, ó di ilé ìfọṣọ, wọ́n lọ wá arúgbó tí wọ́n jí gbé. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá arúgbó lórí àga, ó ń mumi, ara ẹ̀ le koko.

"Bàbà ni mo wí, kì í ṣe bàbá!" Màmá Onífọṣọ, ẹni tó ni ilé náà, ló figbe ta. "Ọ̀pá bàbà tá a rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé! Bàbá tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí gan-an ló jí i!"

Àwọn ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Wáyà, arúgbó orí àga náà, ò rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tọ́jú iná ilé náà. Bó bá fi lè sun àtìmọ́lé lórí ọ̀rọ̀ olè, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ iná fún un?

"Ẹ tún un sọ," ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìsípẹ́kítọ̀ obìnrin yìí nìyẹn, òun náà ló sọ ọ́ di Màdáámù Ẹ-Tún-Un-Sọ láàárín ìlú.

Màmá tún un sọ. Àbúrò òun obìnrin fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìfọṣọ láàárọ̀, iná gbé e, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

"Ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ ìdọ̀tí," ni àbúrò náà dá sí i, ọwọ́ ẹ̀ nínú báńdéèjì. "Mi ò tún ní bú aṣọ ìdọ̀tí mọ́ láyé mi."

Bàbá Wáyà na wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò kan tí wọ́n gé sí Ìsípẹ́kítọ̀. Ó ní wáyà náà ló so ara ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pá bàbà, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. "Màdáámù, ẹni tó bá yọ ẹ́ẹ̀tì yìí, ó fẹ́ pààyàn ni."

"Ẹ gbẹ́nu olódodo!" Màmá já káàdì kan lára ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ àyẹ̀wò iná sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ti àná: "Mo ti yẹ gíráùndì wò. Ó dára." Orúkọ Bàbá Wáyà wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

"Èmi kọ́ o!" Bàbá Wáyà fò dìde. "Mi ò débí lánàá!"

Ẹ̀ńjíníà, ọkùnrin tó máa ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, mi orí lẹ́nu ọ̀nà. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, Màdáámù, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n káàdì kì í purọ́."

Ìsípẹ́kítọ̀ gbé wáyà sókè. "Kí lẹ ń pe eléyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Wáyà ni mo ń pè é o," Màmá ní.

"Èmi ń pè é ní olùgbàlà," àbúrò ẹ̀ ní.

"Ẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn," Bàbá Wáyà dáhùn.

Ẹ̀ńjíníà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá àwọn àgbà lóhùn. Gíráùndì ni. Bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rọ nìyẹn."

"Ẹ tún un sọ."

"Gíráùndì. Àbí mo ṣì í pè ni?"

"Ẹ ò ṣì í pè rárá. Níbo lọ̀pá wà?"

"Èwo ló kàn mí níbẹ̀? Kò sí nínú bùútù mi o!"

"Ta ló dárúkọ bùútù?"

Ìsípẹ́kítọ̀ nawọ́ sí ọkọ̀ Ẹ̀ńjíníà níta. Nígbà tí ọlọ́pàá máa ṣí bùútù, ọ̀pá bàbà nà gbalaja níbẹ̀, erùpẹ̀ ò tíì gbẹ lára ẹ̀.

"Ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ," ni Ìsípẹ́kítọ̀ ṣàlàyé. "Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Àwọn tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ń pè é ní ẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ẹ̀rọ ń pè é ní gíráùndì. Ẹni tó ti ń sọ ẹ́ẹ̀tì láti ọgbọ̀n ọdún ò lè déédéé jí lọ́jọ́ kan kó máa kọ gíráùndì. Ẹ̀ńjíníà, ẹ yí ìkọ̀wé padà, ẹ gbàgbé láti yí ẹnu padà."

Ẹ̀ńjíníà dojú bolẹ̀. "Iṣẹ́ Bàbá ló wọ̀ mí lójú. Mo rò pé tí wọ́n bá lé wọn, èmi ni wọ́n máa gbé e fún."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Màmá Onífọṣọ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Mo bínú o!" Omi lé ròrò lójú Bàbá Wáyà. "Ọgbọ̀n ọdún, ẹ pè mí lólè! Mo bínú gan-an ni." Ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó gbọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n rì í padà ná, kíná má gbé ẹlòmíì. Tí mo bá ṣe tán, màá wá parí ìbínú mi."