Ohun Tó Wà Nínú Ife Búlúù

"Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí o tún un wò dáadáa," Jọmílójú ní. "Sọ fún mi, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ruqoyyah gbé ife náà sókè lójú fèrèsé kíṣíìnì. Ife kírísítà ni, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, búlúù rẹ̀ jinlẹ̀ bí aró. Oòrùn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kọlù ú, etí rẹ̀ ń tàn yanran, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kàn ṣú dùdù ni. Ó lè jẹ́ sóbò. Ó lè jẹ́ kóòkì. Ó lè jẹ́ omi àgbo pàápàá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Mi ò mọ̀," ni Ruqoyyah dáhùn.

"Ṣé o rí i? Màmá ẹ náà ò ní mọ̀." Jọmílójú rẹ́rìn-ín, ó sì ti ìgò wáìnì kékeré tó mú wá padà sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀.

Ẹ dúró ná, kí ẹ tó bínú sí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ife yìí fún yín. Ife aláwọ̀ ti gba gbogbo Àbújá kan. Ní Lókógómá níbi tí Ruqoyyah ń gbé, tí ẹ́sítéètì kan ò tíì parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí pálọ̀ tí èèyàn máa wọ̀ tí kò ní bá wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ oyin, aláwọ̀ àlùkò, búlúù. Ẹni tí kò tọ́ wáìnì wò rí láyé rẹ̀ ti ní odindi páálí ife wáìnì. Wọn á bu kunu sí i, wọn á yà á ní fọ́tò, ó di orí Wásáàpù. Bí o bá fi ife oníke fún àlejò lómi lónìí, wọ́n á sọ ọ́ dé ilé kejì. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ohun tó rẹwà rẹwà. Ṣùgbọ́n gíláàsì funfun tí à ń lò tẹ́lẹ̀, bí o bá bu omi sí i, omi lo máa rí.

Àlímátù, ìyá Ruqoyyah, náà ò gbẹ́yìn. Ọmọ Kàbà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́já. Òun ló kàn láti gba àwọn obìnrin àsàlátù lálejò lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ Àìkú. Ó ra ife aláwọ̀ oyin ní ọjà Wúsè, wọn ò sì tó. Ló bá yá búlúù lọ́wọ́ Rẹ̀mí, ará ilé kejì wọn.

Rẹ̀mí yìí, ọmọ Èkìtì ni, Kìrìsìtẹ́nì ni. Mọ́mì Níyì ni gbogbo ẹ́sítéètì ń pè é nítorí Níyìolúwa, ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi ní ẹ́sítéètì náà ni òun àti Àlímátù ti jọ ń gbé. Ọbẹ̀ tí ọ̀kan bá sè, èkejì á jẹ níbẹ̀. Rẹ̀mí ló ń kọ́ Ruqoyyah àti Níyì ní ìṣirò lálaalẹ́, nítorí ìdánwò WAEC tó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ní òun ò ní lọ sí ìsìn àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí òun lè bá Àlímátù gbé oúnjẹ fún àlejò.

Ọ̀rọ̀ ife náà sì ti ń rùn kí ọjọ́ tó pé. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin àsàlátù ti ń kùn pé, "Ife ọtí nínú ilé Mùsùlùmí kẹ̀?" Àlímátù gbọ́, ó sì dá wọn lóhùn níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Sóbò nìkan ló máa wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá bá nǹkan mìíràn níbẹ̀, èmi ni kí ẹ mú."

Ruqoyyah gbọ́ gbogbo èyí. Kí ló wá ń fi wáìnì ṣe? Ẹ bá mi bi í! Níléèwé, Jọmílójú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi fọ́tò hàn níbi tí wọ́n ti ń mu wáìnì, ife aláwọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn a sì máa pe Ruqoyyah ní "Ústásà," bí ẹni pé olùkọ́ kéwú ni. Ó sú u. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Jọmílójú pé, "Ìwọ ṣáà gbé wáìnì náà wá nígbà tí o bá ń bọ̀ wá bá wa pín oúnjẹ. Ṣé ó máa pa mí ni?" Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un.

Ó gbé ife náà sẹ́nu. Ó kan, ó sì ta á lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n ti da sóbò mọ́ ọn, síbẹ̀ kò dùn.

"Ṣé nítorí èyí ni ẹ ṣe ń fọ́nnu?"

"Mu sí i, o máa mọ̀ ọ́n."

"Ruqoyyah! Ẹ wá bá mi tún àga tò!" Ìyá rẹ̀ ló ń pè. Ọmọ náà gbé ife kalẹ̀ kíákíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, àwọn méjèèjì sì sáré jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa tò ó tán, àwọn àlejò ti dé; nígbà tí wọ́n padà dé kíṣíìnì, ife ti lọ.

Mọ́mì Níyì ti gba ẹ̀yìn wọlé. Ó rí àwọn ife tí sóbò wà nínú wọn, ó kó gbogbo wọn sórí tíréè, ó gbé e lọ sí pálọ̀. Ta ni kò ní gbé e?

Bí Ruqoyyah ṣe dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin náà, mú ife búlúù lórí tíréè. Ọmọ náà lè pariwo. Ó lè sáré wọlé kí ó gbà á, kí ó ní eṣinṣin kó sí i. Ẹnu rẹ̀ kú. Ìyá Àdínì ní "Bìsìmìláì," ó mu ún, ó dúró. Ó tu ú sínú tíṣù.

"Kai! Àlímátù, kí lo fún mi mu? Ọtí nìyí!"

Àlímátù gba ife náà, ó da èyí tó kù sínú abọ́ funfun tó wà lórí tábìlì. Òórùn wáìnì gba pálọ̀. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ ẹ.

"Ta ló gbé e wá?" ẹnì kan bèèrè.

"Èmi ni mo gbé tíréè," ni Rẹ̀mí wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Orí káńtà ni mo ti bá wọn. Sóbò ni mo rò pé ó wà nínú gbogbo wọn."

"Ife ta sì ni?"

"Èmi ni mo ni búlúù."

Wọ́n wo ara wọn. Ife rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Obìnrin kan tó jókòó nítòsí fèrèsé mi orí, ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí ẹ̀fọ́ tó ń wò ni kòkòrò náà wà.

Rẹ̀mí kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìyá Ruqoyyah, ẹ ò ní sọ nǹkan kan?"

Àlímátù wo ilẹ̀. Ó sì ń wo ilẹ̀ náà títí Rẹ̀mí fi gba ẹ̀yìn jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jọmílójú já Ruqoyyah léèékánná lápá. "Bí o bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, màá ní ìwọ lo ní kí n gbé e wá. Ṣé irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó wá burú níbẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ìfura wọ ilé wọn, ó tẹ́ ẹní. Ọbẹ̀ tí Rẹ̀mí fún wọn, tó wà nínú fíríìjì, Àlímátù dà á nù pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀yìn. "Mọ́ín-mọ́ín tó ń gbé wá nígbà ààwẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí ló ń fi sè é? Ó tiẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín jù." Ọdún tí ibà gbé Ruqoyyah ṣánlẹ̀, tí Rẹ̀mí fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú òjò, Àlímátù wá ń sọ pé, "Ta ló pè é lọ́jọ́ náà gan-an? Báwo ló ṣe tètè mọ̀?" Ìfura loògùn àgbà, àwọn àgbà ló sọ ọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá mu jù, ikùn ló ń bàjẹ́.

Ruqoyyah pàápàá ń fura. Bí ìyá rẹ̀ bá wò ó pẹ́, á dìde kúrò níbẹ̀. Bí fóònù bá dún, á rò pé Jọmílójú ti tú u fó. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ti dúró. Níyì kọjá lára rẹ̀ ní géètì ẹ́sítéètì, kò kí i.

Ìyá rẹ̀ fọ àwọn ife búlúù, ó fi bébà dì wọ́n, ó ní kí ó lọ dá wọn padà. Rẹ̀mí ló ṣílẹ̀kùn. Ó gba ife, kò tíì wọlé.

"Ìwọ ńkọ́, Ruqoyyah? Ìwọ lo wà ní kíṣíìnì. Ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

"Mọ́mì, mo... mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá."

Ẹ gbọ́ èsì! Ó sì sáré padà sílé wọn, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó sunkún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ilé Ìyá Àdínì ní Kádò ni wọ́n ti pàdé. Àlímátù mú Ruqoyyah dání. Ó fẹ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti pinnu pé bó bá dájú pé Rẹ̀mí ló ṣe é, àwọn á fẹjọ́ rẹ̀ sun alága ẹ́sítéètì, kí gbogbo èèyàn lè mọ irú ẹni tó jẹ́.

"Ọmọ mi wà níbẹ̀," ni Àlímátù wí. "Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí."

Ìyá Àdínì pè é súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Má bẹ̀rù. Ta ló gbé ife náà sórí tíréè?"

"Mọ́mì Níyì ni, mà."

"Ẹ ò rí i!" Wọ́n hó yee. Àlímátù mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, òótọ́ tó burú ju irọ́ lọ.

"Ìgò ọtí náà ńkọ́? Ṣé o rí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kó sọ, ọ̀rọ̀ á parí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń mi orí fún un pé kó sọ ọ́. Ruqoyyah rí i pé bí òun bá sọ ọ́, òun ò ní lè wo ojú Rẹ̀mí mọ́, òun ò sì ní lè wo ojú ara òun nínú dígí.

"Rárá, mà," ó ní. "Ọwọ́ wa ni ìgò wà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo ní kó gbé e wá. Mo mu nínú rẹ̀, mo sì gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́mì Níyì ò mọ nǹkan kan."

Àlímátù fi ìborùn bojú. Àwọn tó ń hó lẹ́ẹ̀kan ń tún gèlè ṣe.

"Ọmọ," ni Ìyá Àdínì wí níkẹyìn, "ọtí tí o mu, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ni, tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin yẹn tí a ti ń jẹ lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa la jẹ níbẹ̀. Ẹ dìde, ó di Lókógómá."

"Nísinsìnyí, Ìyá Àdínì?"

"Nígbà tí a ń bà á jẹ́, ṣé a dá ọjọ́ sí i ni?"

Rẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, Bíbélì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ruqoyyah dojúbolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlímátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àdínì ló bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo wọn.

Omi lé ròrò lójú Rẹ̀mí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí ló dùn mí. Ìyá Ruqoyyah, mo bi yín ní ọ̀rọ̀, ẹ wolẹ̀." Ó nu ojú. "Mo ti gbọ́. Ẹ dìde, ẹ jókòó. Àlejò ni yín."

Ó wọlé lọ bu omi fún wọn, nítorí ẹni tó wá bẹ̀ ọ́ náà, àlejò ni. Ife búlúù tó ní ló fi bù ú. Àlímátù ló kọ́kọ́ gbé e fún. Àlímátù dúpẹ́, ó gbà á. Kó tó kan ètè rẹ̀, ó gbé e sí imú.

Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rí i, Rẹ̀mí náà rí i.

"Omi ni, Ìyá Ruqoyyah," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Ẹ mu ún."

Àlímátù mu ún tán, kò gbójú sókè.

Ruqoyyah rò pé bí òun bá ti sọ òótọ́, gbogbo nǹkan á padà bọ̀ sípò ni. Ẹ̀kọ́ ìṣirò padà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ń kí ara wọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ò tíì kọjá láti ilé kan sí ìkejì títí di òní. Ìbárẹ́ ìyá rẹ̀ àti Rẹ̀mí ni ọmọ náà fi san gbèsè ẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́ fún yín. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fura sí aláìṣẹ̀ nítorí ohun tí ìwọ ṣe, tí o dákẹ́, o ti purọ́ mọ́ ọn, bí ẹnu rẹ ò tiẹ̀ ṣí. Jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ tí Ruqoyyah sọ ní Kádò dára, a yìn ín fún un, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọn ló yẹ kó ti sọ ọ́.