Ọmọ Tí Kò Dé Ibi Ìrìbọmi

Ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ni, lọ́dún 1952. Ọkọ̀ ojú omi kún etí ọ̀sà bámúbámú, àwọn oníṣòwò ń já epo àti gàrí, ariwo wọn sì gba ìlú kan. Láàrin èrò yìí ni Ìbídùnní, ọmọ ogún ọdún, ti gbé ọmọ ọjọ́ méjì wọ ọkọ̀. Ara ọmọ náà ń jó bí iná. Ẹ̀pẹ́ ni Fadá ìjọ wọn wà, Ìbídùnní sì fẹ́ kí ó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà kí ẹ̀mí rẹ̀ tó bọ́.

Wọn kò tíì dé agbedeméjì ọ̀sà tí ọmọ fi dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú padà, Ọláwuyì, olùkọ́ ìjọ, ṣí fìlà.

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí tí gbogbo wa jogún lọ́wọ́ Ádámù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kò lè sin ín sí ilẹ̀ ìjọ."

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ọdún méjì ni Ìbídùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bí ikú bá kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni lè bu omi sórí ọmọ, kó ṣe ìrìbọmi fún un. Omi ọ̀sà sì yí i ká lọ́jọ́ náà! Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ó di ọdún 2007. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Bùnmi, ló ń gbé ní Agric, Ìkòròdú, nígbà tí Fadá Adélàjà wá kí i lórí àìsàn. Fadá mẹ́nu ba ìwé tí àwọn àgbà ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ní Róòmù lórí àwọn ọmọ tó kú láìrìbọmi. Ìbídùnní dìde jókòó.

"Kí ni wọ́n wí, Fadá?"

"Wọ́n ní ìrètí wà, Màmá. Ọmọ ọwọ́ kò fọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Bí ọgbẹ́ tí a bí mọ́ gbogbo wa ló rí. A fi wọ́n lé àánú Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Èmi tí omi yí mi ká ńkọ́? N ò bu ún sí i lórí."

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Fadá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀yin ṣáà ń gbé e lọ síbi ìrìbọmi. Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run ò rí ọkọ̀ yẹn ni?"

Ìbídùnní sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, òun, Bùnmi àti Fadá lọ sí Ejìnrìn. Ilé àtijọ́ ti wó, koríko ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Fadá ṣí ìwé àdúrà.

"Orúkọ wo ni ká pè é, Màmá?"

Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí.

"Ayọ̀midọ̀tun," ni ó wí.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Ìbídùnní gbọn koríko kúrò lára ìró rẹ̀, ó wo ọ̀sà, ó mí kanlẹ̀.

"Bùnmi, bá mi wá ẹja yíyan. Ebi ń pa mí."